Ẹ̀yìn Bàbá

Fọ́tò Bàbá kan ṣoṣo ló kù nílé wa ní Ẹ̀pẹ́,
ó wà lára ògiri pálọ̀, lókè rédíò.
Bàbá jókòó sórí àga tí kì í ṣe tiwa,
aago onífọ́tò wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀,
ó ranjú bí ẹni tí wọ́n ń bi léèrè owó orí.
Òjò ti jẹ etí rẹ̀ kan.

Múnírù ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kọ pátákó
fún àwọn onídìrí ní Pópó-Ọbà,
ra ọ̀dà mẹ́rin, ó ya Bàbá sára pákó pẹlẹbẹ.
Ó dá etí tí òjò jẹ padà.
Ó wọ̀ ọ́ ní àgbádá aláwọ̀ ojú ọ̀run
tí Bàbá ò ní rí, àfi lọ́rùn ẹlòmíràn.
Ó fi ọ̀sà sẹ́yìn rẹ̀, ó fi oòrùn ìrọ̀lẹ́ sórí ọ̀sà,
oòrùn ọ̀hún ò sì tíì wọ̀ títí di òní.
Ó dára. Mi ò ní purọ́, ó dára.
Ará àdúgbò ń kígbe pé, "Hà, Ṣàdíkù rèé!"
Ìyá wa náà dúró, ó wò ó, ó wò ó,
ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn pákó bí ẹni ń wá nǹkan tó bọ́.
Ó kan ìṣó. Ó kan okùn àti jàǹkárìwọ̀.
Kò sọ nǹkan kan. Ó lọ yí ẹja lórí àgbá.

Ni wọ́n bá yíjú sí mi:
"Rafátù, ìwọ tó ò ń gbẹ́gi, tìẹ dà?"
Àbúrò Bàbá ti sáré kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ gbẹ́ ojú,
pé màláíkà kì í bá ojú ère gbé
nínú ilé tí a ti ń kírun.
Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀.
Ojú Bàbá kọ́ ni mo mọ̀.

Ọmọ tó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀,
ẹ̀yìn apẹja ló ń wò.
Ọdún méje ni mo fi jókòó sídìí ọkọ̀ pẹ̀lú agolo,
òun níwájú, àwọ̀n léjìká,
kọjá ibi tí ewé ojú omi ti ń dínà.
Mo mọ èjìká ọ̀tún tó ga ju tòsì lọ,
àpá tí ìwọ̀ fi sílẹ̀ nítòsí ìbàdí,
ibi tí òógùn ti máa ń dúró díẹ̀
kó tó pinnu ọ̀nà tí yóò gbà.

Mo lọ gbé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ tó fọ́ lẹ́yìnkùlé,
tí adìyẹ ń yé sí.
Múnírù, fífi kún ni tirẹ̀:
bó bá ṣì í, a kùn ún bò, a máa súfèé.
Èmi, yíyọ ni mò ń yọ.
Èyí tí àáké bá ti mú lọ ti lọ nìyẹn.
Lọ́jọ́ kẹta, mo gé èjìká òsì kọjá ibi tó yẹ.
Mo jókòó sórí ẹ̀ẹ́rún igi,
mo sunkún bí ẹni tún òkú sin,
àfìgbà tí mo rántí pé òsì náà ló rẹlẹ̀.
Igi ti mọ̀ kí n tó mọ̀.

Kò lórí. Ibi ọrùn ni mo dúró sí.
A gbé e sí àgbàlá, ó kọjú sí ọ̀sà.
Ìyá wa mú òróró àgbọn jáde,
ó ń fi pa á, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àtàǹpàkò,
ó ní, "Ibí yìí ló máa ń dùn ún."
Òjìji ère náà gorí ẹsẹ̀ rẹ̀,
ó gba orí ẹní kọjá, ó lọ sídìí ògiri.

Àwọn ọmọ Múnírù sáré yí i ká
láti lọ wo Bàbá-ńlá lójú.
Inú ọkọ̀ ni wọ́n bá níwájú,
kòtò gbígbẹ, tí ọwọ́ àáké àtijọ́ hàn nínú rẹ̀.
Èyí tó kéré jù ki orí bọ̀ ọ́.
Ó ní, "Ó ń rùn ẹja."